Orúkọ Tí Qúdrát Kò Pa Rẹ́

Abẹ́ tábìlì ni Tawheed ti kọ́kọ́ rí Qúdrát. Kí n sọ òótọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló kọ́kọ́ rí, nítorí wáyà ni Qúdrát ń tò lábẹ́ ibẹ̀, ó ti ká híjáàbù rẹ̀ mọ́ ọrùn kí eruku má bàa bà á jẹ́. Tawheed dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń wò mí bíi pé kí n bá òun pe ẹni tó ni ẹsẹ̀.

"Qúdrát," mo ní, "àlejò rẹ dé."

"Kí wọ́n jókòó," ó dáhùn láti abẹ́ ibẹ̀. "Tí wọn ò bá sì fẹ́ jókòó, kí wọ́n wá bá mi di orí wáyà yìí mú."

Àlejò ò jókòó. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tó lọ̀ dáadáa, ó di orí wáyà mú.

Èmi Fèyísọ́lá ni mo máa ń jókòó ti tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ní ilé ìdánwò orí kọ̀ǹpútà wa ní Ẹdẹ, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ibẹ̀. Ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Tí mo bá rántí ọjọ́ yẹn, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Nígbà mìíràn, ẹ̀rín náà á dá, omi á sì lé sí mi lójú.

Gbọ̀ngàn mẹ́ta la ní. Qúdrát, tó ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà wa, ló fi orúkọ àwọn ibi tó yí Ẹdẹ ká sọ wọ́n: Ara, Sekona àti Alajue. Iṣẹ́ rẹ̀ kò rọrùn nígbà náà. Tí wọ́n bá fi Wíńdòòsì tuntun sínú kọ̀ǹpútà kan, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú. Kò ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí, kò sì sí lára àwọn ará ilé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó níwájú rẹ̀, kó tẹ orúkọ fún un, kó tún wá tẹ orúkọ tirẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, kí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń darí àwọn yòókù, tó gbà á wọlé sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Qúdrát á ṣe ọ̀kan tán, á bọ́ sí òmíràn, títí ẹ̀yìn á fi máa ro ó.

Ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn Ara ló ń yọnu. Ó ń já kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣáá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán Tawheed sí wa láti Òṣogbo. Ó jókòó ti sáfà díẹ̀, ó wá yíjú sí Qúdrát.

"Sìsítà, ẹ ti fún ẹni méjì lórúkọ kan náà."

"Èmi kẹ̀?"

"Ara keje wà níbí, Ara keje tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tí ìkejì wọlé, ó gba àyè èyí àkọ́kọ́. Sáfà ò wá mọ èyí àkọ́kọ́ mọ́, ó sì ń tì í síta."

Qúdrát bojú wo ìwé àlẹ̀mọ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì. Òótọ́ ni. "Ààwẹ̀ ni mo gbà lọ́jọ́ tí mo ṣe wọ́n," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì."

"Kí ló dé tí ẹ̀ ń fọwọ́ tẹ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan?"

"Ṣé kí n máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni?"

Tawheed rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ tó ń nu ún. Èmi ti mọ̀ láti ibẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yìí ti bù ṣe.

Ó ṣàlàyé fún wa. Ó ní àwọn lè kọ ìlànà kan sílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á máa tẹ̀ lé. Bí Wíńdòòsì tuntun bá ti ń wọ inú rẹ̀, á ka nọ́ńbà tí àwọn tó ṣe é kọ sí i lára, á fi sọ ara rẹ̀ lórúkọ, á sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. "Ẹ ó kàn ki wáyà bọ̀ ọ́ ni," ó ní, "ẹ ó tẹ bọ́tìnì, ẹ ó sì lọ jẹun."

"Nọ́ńbà yẹn ló máa wá di orúkọ rẹ̀?" Qúdrát béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí méjì tó jọra láyé."

"Mi ò gbà."

"Ẹ ò gbà bí?"

"Tí ọmọ kan bá nawọ́ láàárín ìdánwò pé kọ̀ǹpútà òun ti kú, kí ni ẹni tó ń ṣọ́ wọn fẹ́ pariwo fún mi? Ṣé kó máa ka nọ́ńbà jàn-ànràn jan-anran títí àkókò ọmọ ọlọ́mọ á fi lọ? Ara keje! Ó ti tán. Mo ti mọ ibi tí mò ń sáré lọ."

Tawheed wò ó. Ó tún wò ó. "Ẹ jàre," ó ní. "A ó fi nọ́ńbà mọ̀ wọ́n, àmọ́ orúkọ tí ẹ fún wọn ni wọ́n máa jẹ́."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Tawheed ń kọ apá kan, Qúdrát ń kọ apá kejì, wọ́n ń já ara wọn ní koro, wọ́n tún ń bá ara wọn rẹ́rìn-ín. Apá tó ń mú kọ̀ǹpútà wọlé, Qúdrát ló kọ ọ́, nítorí èyí tí Tawheed kọ́kọ́ kọ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìlànà náà kò lè ṣe é láìsí orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ẹnì kan tí sáfà mọ̀, ẹni tí yóò di àlejò kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ mú wọlé.

"Ká fi tèmi síbẹ̀ ná," Tawheed ní. "Tó bá ti ṣiṣẹ́, a ó ṣe àkáǹtì kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ìyẹn lọ. A ó wá yọ tèmi."

Wọ́n dán an wò lórí kọ̀ǹpútà kìíní ní gbọ̀ngàn Sekona. Àwa mẹ́ta la dúró tì í. Ojú rẹ̀ kú, ó tún là, ọ̀rọ̀ funfun ń gun orí ara wọn lọ lórí dúdú. Ìlà kan kọ ọ́ pé Sekona kìíní ni òun. Ìlà tó tẹ̀ lé e kọ ọ́ pé Tawheed Ọládòṣù ló mú òun wọlé. Qúdrát fò sókè, ó pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Kọ̀ǹpútà ni Qúdrát ń wò. Qúdrát ni Tawheed ń wò.

Bí mo bá ní kí n sọ ọ́, níbẹ̀ ni "ná" yẹn ti bọ́ sọnù. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kó tó di pé ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú ni kí wọ́n ṣe àkáǹtì tuntun, kí wọ́n yọ orúkọ ọmọkùnrin náà. Àmọ́ wọ́n jáde lọ jẹ mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ tútù lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Àwọn tó ń wojú ara wọn báyẹn, ta ló fẹ́ rántí àkáǹtì?

Láti ìgbà náà, Tawheed ò yé gbàgbé nǹkan sọ́dọ̀ wa. Ó gbàgbé fláàṣì, ó padà wá mú un. Ó gbàgbé ṣájà, ó padà wá mú un. Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé agbòòrùn, bẹ́ẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ la wà. Èmi kì í wí nǹkan kan. Mo kàn ń kí i káàbọ̀ ni.

Ọjọ́ tí "ẹ" di "o" láàárín wọn kò pamọ́ fún mi. Òjò ń rọ̀, wọ́n sá wá sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi. Tawheed ní, "Àwẹ̀ró, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́."

Qúdrát ṣíjú. "Ta ló sọ oríkì mi fún ọ?"

Mo tẹjú mọ́ ìwé tó wà níwájú mi bíi pé mi ò gbọ́ nǹkan kan.

"Àǹtí Fèyí!"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe o," mo ní.

Ó yíjú sí Tawheed. Ohùn rẹ̀ kéré, àmọ́ kò mì. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ alùpùpù rẹ. Ṣùgbọ́n bàbá mi wà."

Gbogbo Ẹdẹ ló mọ bàbá rẹ̀. Alhaji Zakariyah Àtàndá, tó ń ta pákó ní oríta Sekona, ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni, kì í pariwo mọ́ oníbàárà. Ọmọbìnrin méjì ni Ọlọ́run fún un. Fawziyah tó jẹ́ àgbà bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kánádà. Nígbà tí ìyá wọn kú, ìwé ìgbélùú Fawziyah kò tíì pé, kò lè wálé. Qúdrát nìkan ló dúró ti bàbá lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá. Láti ìgbà náà, Alhaji kò gbé fóònù Fawziyah mọ́. Ó sì sọ ọ́ létí gbogbo ẹbí pé ẹni tó bá máa fẹ́ Qúdrát, Ẹdẹ ni yóò máa gbé.

Tawheed kò rí ìyẹn bí ìṣòro nígbà náà. Ọmọ Ìwó ni, ibi tí òun náà ti wá kò jìnnà. Àfi bí iṣẹ́ kan ṣe jáde fún un ní Àbújá, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn ọ́fíìsì ńláńlá to kọ̀ǹpútà. Ìlànà tí òun àti Qúdrát kọ ló fi hàn wọ́n tí wọ́n fi gbà á. Ìyá rẹ̀ ní Ìwó ti ń sunkún ayọ̀, ó ti ń sọ fún àwọn aládùúgbò.

Ó lọ bá Alhaji ní ṣọ́ọ̀bù pákó. Qúdrát ní kí n bá àwọn lọ, kí ẹ̀rù má bàa ba òun. Tawheed dọ̀bálẹ̀ sórí èérún pákó, ó sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Alhaji gbọ́ ọ títí dé òpin. "Ọmọ dáadáa ni ọ́," ó ní. "Mi ò rí àbùkù kankan lára rẹ. Àmọ́ mo ti yọ̀ǹda ọmọ kan fún ọ̀nà jíjìn. Mi ò ní yọ̀ǹda ìkejì."

"Àbújá ni, sà. Kì í ṣe òkè òkun."

"Ṣé mo lè rìn dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí n lọ wò ó bó ṣe jí?"

Tawheed dìde, ó gbọn èérún pákó kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. Ayùn kan ń dún ní ṣọ́ọ̀bù kejì, gbogbo wa sì ń gbọ́ ọ.

Abẹ́ igi fúrúùtù ni wọ́n ti dágbére. Mo fi wọ́n sílẹ̀, àmọ́ fèrèsé mi kọjú síbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé ọ̀rọ̀ wọn wá.

"Tí o bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ," Tawheed ní.

"Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá sọ ọ́, lọ́jọ́ tí nǹkan bá le, ojú mi ni wàá máa wò."

"Bá mi lọ nígbà náà."

"Ta ni màá fi bàbá mi tì? Tawheed, o rí wọn. Wọ́n ti ń gbọ́únjẹ ẹni méjì fúnra wọn láti ìgbà tí màmá ti lọ, wọ́n á sì jókòó dúró dè mí kí wọ́n tó bu òkèlè. Mi ò lè ṣe é."

Ó sunkún. Tawheed náà sunkún. Èso fúrúùtù kan já bọ́ sí àárín wọn, kò sí ẹni tó mú un. Tawheed gun alùpùpù rẹ̀, ó sì lọ.

Wọ́n kọ́kọ́ ń pe ara wọn lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, ó di ọjọ́ Jímọ̀ nìkan. Nígbà tó tún yá, ó di àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ ọdún. Kò sí ìjà kankan. Ìpè kọ̀ọ̀kan ló ń dùn wọ́n ju èyí tó ṣáájú lọ, wọ́n sì rọra dẹ́kun rẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Tíṣà kan tó ń jẹ́ Salman wá dẹnu ìfẹ́ kọ Qúdrát, ènìyàn gidi, ará Ẹdẹ pọ́ńbélé. Qúdrát dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ̀. Alhaji kò bá a wí. Ó kàn ń wò ó ni, nígbà tó bá rò pé kò rí òun.

Ohun kan wà tí èmi nìkan mọ̀. Gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá bàjẹ́ tí a tún ṣe, gbogbo èyí tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, Qúdrát á ki wáyà bọ̀ ọ́, á tẹ bọ́tìnì. Ó yẹ kó kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ á ṣe ara rẹ̀. Kì í kúrò. Á ká apá mọ́ àyà níwájú rẹ̀, á máa wo àwọn ọ̀rọ̀ funfun yẹn títí wọ́n á fi dé ìlà tó ń dúró dè. Tawheed Ọládòṣù ló mú mi wọlé. Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á wá lọ.

"Qúdrát," mo bi í lọ́jọ́ kan, "ṣé o ò ní yọ orúkọ ọkùnrin yìí ni? Kò sí níbí mọ́ mà."

"Màá yọ ọ́, Àǹtí Fèyí. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìdánwò tó ń bọ̀ yìí tán ná."

Ìdánwò náà parí. Òmíràn dé, ó parí. Mi ò bi í mọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá fún wa, Ọ̀gbẹ́ni Jacob. Onítẹ̀bọmi bíi tèmi ni, ó mọ iṣẹ́, kò sì fẹ́ràn jákujàku. Ohun tó kọ́kọ́ pa láṣẹ ni pé kí wọ́n yọ àkáǹtì gbogbo òṣìṣẹ́ tó ti lọ kúrò nínú sáfà, kí aṣebi má bàa gba ibẹ̀ wọlé. Ohun tó sọ tọ̀nà, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ ń dun Alhaji lọ́jọ́ náà, Qúdrát sì wà nílé ìwòsàn pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ yọ wọ́n. Kò sì rántí sọ fún un.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni iná wọlé lójijì pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, ó sì jó àwọn kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn Sekona. Wọ́n gbé tuntun dé ní ọ̀sán tó ṣáájú ìdánwò. Qúdrát to wáyà sí wọn, ó tẹ bọ́tìnì, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń dúró.

Wọ́n gba orúkọ wọn. Sekona kìíní, Sekona kejì, gbogbo wọn. Wọ́n wá dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ pupa kan jáde lórí ọ̀kan, ó jáde lórí èkejì, ó tò lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ògiri. Ẹni tó fẹ́ mú wọn wọlé, sáfà ní òun kò mọ̀ ọ́n.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ọ̀gá Jacob ń làágùn. "Àwọn ọmọ ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la! Ta ló kọ nǹkan yìí? Ẹ pè é!"

Qúdrát kò dá a lóhùn. Ó lọ jókòó ti sáfà, ó wá orúkọ náà, kò rí i. Ó yíjú sí ọ̀gá. "Sà, ṣé ẹ yọ Ọládòṣù ni?"

"Òṣìṣẹ́ tó ti lọ, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ti lọ."

Ó ṣe àkáǹtì tuntun, èyí tó yẹ kí wọ́n ti ṣe láti ìjọ́ náà. Ó wá ṣí ìlànà tí àwọn méjèèjì kọ. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó dé ìlà tí orúkọ Tawheed wà, ó gbé ìka lé bọ́tìnì ìparẹ́. Kò tẹ̀ ẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Kò pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ló yọ. Ó fi àmì kan síwájú orúkọ náà, irú àmì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó fo ìlà yẹn kọjá, ó sì kọ tuntun sí abẹ́ rẹ̀. Ó dìde, ó tẹ bọ́tìnì. Ọ̀rọ̀ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lọ. Kí omi orí iná tó hó, gbogbo kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn Sekona ti wọlé. Ọ̀gá Jacob ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Jésù kíkankíkan.

Qúdrát jáde lọ sábẹ́ igi fúrúùtù. Mo tẹ̀ lé e. Ó mú fóònù, ó pè.

Ó dún, ó dún. "Hẹ́lò?"

"Èmi ni."

Mo dúró tì í débi pé mo gbọ́ bí ẹni náà ṣe mí. "Àwẹ̀ró."

"Àwọn kọ̀ǹpútà Sekona kọ̀, wọn ò wọlé. Wọ́n ní sáfà ò mọ̀ ọ́ mọ́."

"Mọ èmi? Orúkọ mi ṣì wà níbẹ̀? Láti ìgbà yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Mo ti rò pé ọjọ́ tí mo lọ ni ẹ ti yọ mí," ó ní. "Qúdrát, ìwọ lo kọ apá ibẹ̀. O mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ jù mí lọ."

"Mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn ti wọlé."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Kò sí. Ọ̀gá tuntun ló yọ ọ́." Ohùn rẹ̀ já. "Mo kàn fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé kì í ṣe èmi."

Tawheed ní, "Wọ́n ní Tíṣà Salman ti fẹ́ ọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ará Ẹdẹ kan ni."

Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo na ẹnu sí fóònù náà. "Ará Ẹdẹ wo? Èmi Fèyísọ́lá ò jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó kankan o! Ọmọ yìí ń bẹ níbí tó ń dúró ti kọ̀ǹpútà bí ẹni ń dúró de ọkọ̀!"

Tawheed ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, gbogbo rẹ̀ papọ̀. "Àǹtí Fèyí, mò ń bọ̀ wálé."

Ó sì wá. Ọjọ́ Àìkú ni ó wọ pálọ̀ Alhaji, pẹ̀lú báàgì tó gbé kọ́ èjìká bí ìgbà àkọ́kọ́. Irun rẹ̀ ti fà sẹ́yìn díẹ̀. Qúdrát jókòó tì mí. Ẹsẹ̀ Alhaji wà lórí àpótí, ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo ṣì ń sọ ohun tí mo sọ," Alhaji ní, kí Tawheed tó dìde nílẹ̀. "Mi ò yí i padà."

"Mo mọ̀, sà. Ẹdẹ ni mo fẹ́ gbé."

"Iṣẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà nínú báàgì yìí, sà."

Ó gbé láptọ́ọ̀pù kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní òun ti kúrò lábẹ́ àwọn ará Àbújá, òun ń ṣe tòun. Ilé iṣẹ́ kan ní Kàdúná ra kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n sì ń to wáyà sí i lọ́wọ́ báyìí. Ó pè wọ́n lórí fóònù. "Ẹ tẹ bọ́tìnì," ó ní. Àwa náà ń wo ojú láptọ́ọ̀pù. Ìlà funfun kan jáde, òmíràn tẹ̀ lé e.

Alhaji na ọrùn síwájú. "Kí ló ń ṣe yẹn?"

"Ó ń gba orúkọ rẹ̀, sà."

"Ta ló wà níwájú rẹ̀ tó ń sọ ọ́ lórúkọ?"

"Kò sí, sà. Èmi àti Qúdrát la kọ́kọ́ kọ ọ̀nà tó ń gbà ṣe é, níbí ní Ẹdẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Ó ti wọlé báyìí, ẹ wò ó."

Alhaji wo ojú ẹ̀rọ náà, ó wo Tawheed. "Ó wà ní Kàdúná, ìwọ wà ní pálọ̀ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Nígbà náà, kí lo lọ ṣe ní Àbújá láti ọjọ́ yìí?"

"Mi ò mọ̀ nígbà náà, sà, pé a lè ṣe é láti ibi tó jìnnà tó báyìí. Nígbà tí mo sì mọ̀, wọ́n ti sọ fún mi pé ó ti lọ́kọ. Ẹ forí jì mí."

Alhaji na ọwọ́, ó fi ìka kan ṣoṣo kan etí láptọ́ọ̀pù náà, bí ẹni fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbóná.

"Nǹkan yìí," ó ní, kò sì wojú ẹnikẹ́ni, "ṣé ó lè dé Kánádà?"

Qúdrát bú sẹ́kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ó lè dé ibẹ̀, sà," Tawheed dáhùn jẹ́jẹ́.

"Bá mi pe Fawziyah. Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ."

Wọ́n so yìgì fún Qúdrát àti Tawheed ní mọ́sáláṣí àdúgbò wọn. Ìyá Tawheed wá láti Ìwó, ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun ti mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa já sí. Láptọ́ọ̀pù náà jókòó sórí àga tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaji, Fawziyah sì ń ṣe àmín nínú rẹ̀ sí gbogbo àdúrà tí lèmọ́mù ń ṣe. Ilé kan lọ́nà Alajue ni wọ́n ń gbé. Alhaji lè rìn dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó sì ń rìn ín lóòótọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gá Jacob ní kí Tawheed wá bá wa wo ìlànà náà, nítorí gbọ̀ngàn kẹrin tí a fẹ́ ṣí. Qúdrát ṣí i fún un. Ó ń kà á lọ, ó ń mi orí, ó wá dúró. Ó ti rí ìlà náà, orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì níwájú.

"Àwẹ̀ró, èyí ò ṣe nǹkan kan mọ́. O lè pa á rẹ́."

"Má fọwọ́ kàn án," Qúdrát ní.

Kò fọwọ́ kàn án. Ó kà á kọjá, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n ní kí n bá àwọn jẹ mọ́ínmọ́ín, mo ní mo ti yó. Irọ́ ni, ebi ń pa mí. Mo jókòó ti fèrèsé mi, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ sábẹ́ igi fúrúùtù.